Orúkọ Méjìdínlógójì Tó Wọ Ilé Kejì

Ní Sàbó, ní Ṣàgámù, ní ilé Àlíyù olóbì, gbogbo ọmọ ló ń bá bàbá wọn ṣòwò obì àfi Kàúsárà. Òun nìkan ló yà síbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Yàrá kan ni wọ́n fún un lẹ́yìn ilé, níbi tí òórùn obì ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ibẹ̀ ló ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá: ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ògèrè, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìpẹ̀rú, àwọn tó ń ta irin lẹ́bàá títì márosẹ̀.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, wọn á ní Kàúsárà kì í ṣe aláìbìkítà. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Àṣejù ìṣọ́ra gan-an ló kó bá a.

Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ tiwọn nìkan. Wọ́n máa ń tì í lọ síbi ìfipamọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Títì yẹn ni wọ́n ń pè ní púùṣì. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ṣàdédé ti àkáǹtì Kàúsárà pa níbi tó ń kó tirẹ̀ sí. Ó kọ lẹ́tà títí, kò séni tó dá a lóhùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni iná ìjọba dé lójijì tó sì jó kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ di àwátì. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà ni Kàúsárà ti pinnu pé òun kò ní í gbé iṣẹ́ òun lé ilé kan ṣoṣo lọ́wọ́ mọ́ láéláé.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni Mátíróònù Adétúnbọ̀ ránṣẹ́ pè é sí Ìkẹ́nnẹ́. Agbẹ̀bí ni Mátíróònù. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì dá ilé ìgbẹ̀bí kékeré sílẹ̀ sí ìta ilé ọkọ rẹ̀, yàrá mẹ́ta àti fàráńdà tí bẹ́ǹṣì kún. Láti Ìrolú, láti Ìpara, àwọn aláboyún a máa gun ọ̀kadà wá bá a, torí ọwọ́ rẹ̀ tutù, ẹnu rẹ̀ kì í sì í jò. Ìwé ńlá kan ló ń kọ gbogbo wọn sí. Ikán ti jẹ èyí tó ṣáájú rẹ̀ dé àárín.

"Ọmọ mi," ló sọ fún Kàúsárà, "bá mi kó wọn sínú kọ̀ǹpútà kí ikán má baà jẹ èyí náà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀, ohun obìnrin ni o. Kò gbọdọ̀ jáde."

"Kò lè jáde, Mọ́mì," ni Kàúsárà fèsì.

Bó ti ń kọ ètò náà, ó nílò orúkọ tí yóò fi dán an wò. Ó yẹ kó hùmọ̀ wọn ni. Ṣùgbọ́n ìwé Mátíróònù wà níwájú rẹ̀, ó sì rò ó pé bí òun bá fi ojúlówó dán an wò, òun á tètè rí ibi tó kù sí. Ló bá jókòó, ó tẹ àkọsílẹ̀ obìnrin méjìdínlógójì sínú fáìlì kan: orúkọ, àdúgbò, ọjọ́ ìbí ọmọ, bí ọmọ ṣe wúwo tó, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun á yọ wọ́n kúrò tí iṣẹ́ bá parí. Ibi ìfipamọ́ tó ń kó o sí nígbà náà, títì pa ni, òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Kò sí ewu.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló rántí ìpinnu rẹ̀ pé ilé kan kò tó. Ó lọ ṣí ibi ìfipamọ́ mìíràn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kejì. Wọ́n bi í léèrè bóyá gbogbo ayé ni kó lè wo ohun tó fẹ́ kó síbẹ̀ tàbí òun nìkan. Àmì ti wà lára "gbogbo ayé" tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò yí i padà. Bátìrì kọ̀ǹpútà ti fẹ́ẹ̀ tán, iná kò sí. Kò kà á. Ó kàn ń tẹ "ó dára, ó dára" lọ. Ó wá kọ àdírẹ́sì ilé kejì náà mọ́ ti àkọ́kọ́ lábẹ́ orúkọ kan, tó fi jẹ́ pé bó bá ti ní púùṣì lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ á gba ọ̀nà méjèèjì lọ. Ó dán an wò. Ó rí i pé méjèèjì gbà á. Inú rẹ̀ dùn, ó dìde, ó lọ jẹun.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Kàúsárà wà ní Ìkẹ́nnẹ́, ó ń kọ́ Mátíróònù bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà, nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan já wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Démiládé ni, tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìlíṣàn. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé oṣù tó ń bọ̀ ni yóò fẹ́ Ọláwọlé. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Mọ́mì, kí ni mo fi ṣe yín?"

Mátíróònù dìde. "Démiládé? Jókòó ná, ọmọ mi."

"N kò jókòó. Ta lẹ sọ fún? Ọdún mẹ́rin ni mo fi bo nǹkan yìí mọ́ra. Ẹ̀yin àti màmá mi nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Lánàá, ìyá Ọláwọlé pè mí jókòó, wọ́n ń kà á sí mi létí bí ẹni ń ka ìwé. Oyún oṣù méje. Ọmọ kò mí. Wọ́n mọ bí ọmọ ṣe wúwo tó, Mọ́mì! Wọ́n ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún. Ọjọ́ kẹrin ni! Ẹ̀yin lẹ gbé e lé mi lọ́wọ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ tú mi fó, ṣé ẹ kò lè rántí ọjọ́ tí mo sin ọmọ mi ni?"

"Mo fi Ẹni tó dá mi búra, ọ̀rọ̀ yìí kò ti ẹnu mi jáde." Mátíróònù fa ìwé ńlá náà sọ́dọ̀, ó ń ṣí i. "Wò ó. Wò ó fúnra rẹ. Ọjọ́ kẹrin ni mo kọ síbẹ̀. Níbo ni wọ́n ti rí kẹrìnlá?"

Démiládé kò wo ìwé. Ó ti jáde lọ.

Kàúsárà kò lè gbé ojú sókè. Nínú ìwé, ọjọ́ kẹrin ni. Nínú fáìlì tí òun tẹ̀, ọjọ́ kẹrìnlá ni. Ìka òun ló ṣèèṣì tẹ ení kan mọ́ ẹ̀rin. Láyé yìí, ibì kan ṣoṣo ni àṣìṣe yẹn wà.

Ó ní òun fẹ́ lọ gba káàdì fóònù, ó jáde. Inú ọkọ̀ kọ̀rọ̀pẹ̀ tó ń padà sí Ṣàgámù ló ti ṣí ilé kejì náà lórí fóònù rẹ̀, láìfi orúkọ wọlé, bí àlejò. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, obìnrin méjìdínlógójì, ẹnikẹ́ni tó bá ní dátà lè kà wọ́n. Ó mọ̀ pé yíyọ fáìlì nìkan kò tó, torí ibi ìfipamọ́ a máa tọ́jú ohun gbogbo tó ti wọlé rí, àní lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́. Nítorí náà, gbogbo ilé kejì náà ló pa rẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó pa á rẹ́, ó wo iye ẹni tó ti wá síbẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ni, márùn-ún kò kọ orúkọ wọn. Ẹnìkan péré ló fi àmì pé òun fẹ́ràn iṣẹ́ náà sílẹ̀: Jùwọ́n, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé gíga. Jùwọ́n sì ni àbúrò Ọláwọlé.

Bó ti sọ̀ ní Sàbó ló pè é.

"Jùwọ́n, o rí iṣẹ́ mi, kò sì wá sí ọ lọ́kàn láti pè mí?"

"Mo rò pé o mọ̀ pé ó wà níta ni. Mo kàn fẹ́ wo bí o ṣe kọ ọ́. Àfi bí mo ṣe rí orúkọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi."

"O wá lọ sọ fún màmá yín."

"Kí ni kí n ṣe? Kí n máa wo ẹ̀gbọ́n mi lójú láìsọ? Ìwọ ńkọ́, Kàúsárà, ta ló ní kí o gbé e síta?"

Kàúsárà pa fóònù.

Ó yẹ kó padà sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò padà. Ó ní kí ara Mátíróònù kọ́kọ́ balẹ̀ ná. Ó ní òun ti pa á rẹ́, kò sí ẹni tó tún lè rí i, kí ni sísọ rẹ̀ fẹ́ tún ṣe? Ọ̀rọ̀ báyìí dùn ún sọ fún ara ẹni, ṣùgbọ́n kì í kún ikùn. Oúnjẹ kò wọlé fún un mọ́.

Nígbà tó fi máa padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, bẹ́ǹṣì fàráńdà ti ṣófo. Aláboyún mẹ́ta péré ló jókòó níbi tí ogún ti ń jókòó. Ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀ pé ẹnu Mátíróònù ti ń jò. Mátíróònù fúnra rẹ̀ ti rù. Ó ti ro gbogbo rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ibi tó sì já sí ni Ìyá Tàjú. Hàmdálátù ni orúkọ obìnrin náà gan-an, opó ará Ìrolú, ó ti ń gbálẹ̀, ó ti ń fọ aṣọ ìgbẹ̀bí níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Òun nìkan ló tún máa ń dá wà ní yàrá tí ìwé náà wà.

Ojú Kàúsárà ni Mátíróònù ṣe pè é.

"Ìyá Tàjú, n kò ní í bá yín jà. Ẹ kó ẹrù yín, kí ẹ máa lọ."

Ìyá Tàjú wo ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀. "Mátíróònù, ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé kà."

"Ẹ lè gbọ́ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó fọ ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi lé orí àga. Bó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kàúsárà, ó kí i pé, "Ó dìgbóṣe, ọmọ mi."

Kàúsárà wà níbẹ̀. Ó mọ òótọ́. Ó sì jẹ́ kí obìnrin náà jáde lọ bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbé ìyẹn káàkiri. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó jókòó ti bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣa obì, ó ń bá a ya èyí tó ti dá kòkòrò sọ́tọ̀. Ó ní, "Bàbá, bí èèyàn bá ṣe nǹkan láìmọ̀, tí wọ́n wá di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn, ṣé dandan ni kó sọ?"

Àlíyù kò gbójú kúrò lára obì. "Ṣé o mọ orúkọ ẹni tó ń ru ẹ̀bi náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí lo wá ń bi mí sí?"

Ìdájí ọjọ́ kejì ló ti gúnlẹ̀ sí Ìkẹ́nnẹ́. Mátíróònù ń mu ògì. Kàúsárà kò jókòó, orí ìkúnlẹ̀ ló ti sọ gbogbo rẹ̀: fáìlì, ilé kejì, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ení tó tẹ̀ mọ́ ẹ̀rin, Jùwọ́n. Ó lo ọ̀rọ̀ tó rọrùn kí ó má baà dà bí ẹni tó ń fi èdè kọ̀ǹpútà sá pamọ́. Nígbà tó parí, ògì ti tutù.

Ohun tí Mátíróònù béèrè kì í ṣe ohun tí Kàúsárà ń retí.

"Lọ́jọ́ tí mo ní kí Ìyá Tàjú máa lọ, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Mọ́mì."

"O ti mọ̀ nígbà náà?"

"Mo ti mọ̀."

"Àṣìṣe ni ti fáìlì. Gbogbo èèyàn ló ń ṣi nǹkan ṣe. Èmi náà ti ṣi nǹkan ṣe ní yàrá yẹn rí. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ yẹn, Kàúsárà, ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Ó dìde, ó mú gèlè. "Máa bọ̀. A ń lọ sí Ìrolú."

Ọ̀kadà méjì ni wọ́n gùn. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti bá Ìyá Tàjú, níbi tó ti ń bá àwọn kan yan gààrí. Mátíróònù ló kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ibẹ̀ tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀. Ìyá Tàjú sáré gbé e dìde, ó ní kí wọ́n má fi ìyẹn pa òun. Nígbà tí Kàúsárà sọ tirẹ̀, obìnrin náà ń ro gààrí lọ, kò dáwọ́ dúró.

"Mo ti dárí jì ọ́," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀yin náà, Mátíróònù. Ṣùgbọ́n n kò padà. Ọdún mọ́kànlá. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè pé ṣé èmi ni. Ẹ kàn ní kí n máa lọ."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ó bu gààrí gbígbóná fún wọn sínú ọ̀rá, wọ́n padà.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ aláboyún. Mátíróònù ní Kàúsárà yóò dúró ní fàráńdà kó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá, kí ó má fi ohunkóhun pamọ́. Àwọn méje ló wá. Ó sọ ọ́. Ẹnìkan ṣépè fún un. Ẹnìkan ń bi í léèrè ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé orúkọ tòun wà nínú rẹ̀, Kàúsárà sì mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ó wà níbẹ̀. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ojú, kò sì sọ ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó ń dẹ́rù bà á. Kàúsárà mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ló burú jù, pé ó mọ̀ ọ́n.

Mátíróònù fún un ní àdírẹ́sì àwọn tó kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, Ìpara, Ògèrè, Ìpẹ̀rú, ó ń dúró de ìgbà tí ọkọ kò sí nílé, ó ń sọ ohun kan náà. Àwọn kan kò lóye ohun tó ń sọ, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣeun tó wá. Ìyẹn dùn ún ju èpè lọ. Ní ti ètò kọ̀ǹpútà náà, Mátíróònù ní kó má parí rẹ̀ mọ́. Ó ra oògùn ikán, ó sì ń kọ ìwé rẹ̀ lọ.

Démiládé ló fi ṣe ìkẹyìn. Ìgbéyàwó náà ti túká nígbà yẹn. Ọláwọlé ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyún ló ń dun òun bí kò ṣe pé ẹnu ìyá òun ni òun ti gbọ́ ọ. Démiládé gbọ́ gbogbo ẹjọ́ Kàúsárà lórí ìdúró, lẹ́nu géètì ilé ìwé, nígbà tí àwọn ọmọdé ń ké ABD lẹ́yìn rẹ̀.

"Yàtọ̀ sí Jùwọ́n, ta ló tún kà á?"

Ó lè parọ́. "Ẹni márùn-ún mìíràn wọlé síbẹ̀. N kò mọ̀ wọ́n. N kò mọ̀ bóyá wọ́n kà á, n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n tọ́jú rẹ̀."

"Nítorí náà, ó lè ṣì wà níbì kan."

"Ó lè ṣì wà níbì kan."

Démiládé mi orí. "O ṣeun tí o kò parọ́ fún mi. Máa lọ."

Kàúsárà kò mọ ohun tí yóò ṣe sí ara rẹ̀. Ó ronú pé bóyá ohun kan ṣì wà tí òun lè tún ṣe, ló bá lọ sí ilé ìyá Ọláwọlé lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, láti lọ ṣàlàyé, láti lọ bẹ̀ wọ́n pé Démiládé kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ìyá náà gbà á dáadáa, ó fún un ní omi tútù, ó sì ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Kò sí ohun tó yí padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni fóònù rẹ̀ dún. Démiládé ló fi ohùn ránṣẹ́, kò gùn rárá. Ariwo ọkọ̀ wà nínú rẹ̀.

"Kàúsárà, wọ́n ní o lọ bẹ ìyá Ọláwọlé. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò balẹ̀. Ṣùgbọ́n má lọ mọ́. Mi ò rán ọ. Ọ̀rọ̀ mi ni. Jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ èyí tó kù."

Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ èsì padà pé, "Mo ti gbọ́. N kò ní í lọ mọ́." Démiládé kà á.